Ìfihàn, iṣẹ́ gúrúùpù tàbí iṣẹ́ àṣetiléwá: ìfiwéra fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì JSS ní Àbújá àti Òkè Ọya

Akẹ́kọ̀ọ́ 60 nínú kíláàsì kan, ìṣẹ́jú 40 fún ẹ̀kọ́ kan, tábìlì mẹ́rin, tẹmómítà kan ṣoṣo tí kò tíì fọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Basic Science ní Nyanya, Kubwa, Lugbe àti Mararaba ń bá yí nìyí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá béèrè ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni, ẹnìkan á ní demonstration, ìyẹn ìfihàn olùkọ́, ni tòun, ẹlòmíràn á ní gúrúùpù ni, bí ẹni pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni, tí èèyàn kò gbọdọ̀ wà nínú méjì.

Àkòrí tí ẹ fẹ́ kọ́ ló yẹ kó yan ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ máa fún ní máàkì, torí pé ibi tí máàkì wà lojú àwọn ọmọ ń wò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe practical, kí ẹ wá béèrè "Define acid" nínú test: ní sáà tó ń bọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa há sórí, wọ́n á sì fi practical sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn eré.

Ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

| | Ìfihàn olùkọ́ | Iṣẹ́ gúrúùpù | Iṣẹ́ àṣetiléwá |
|---|---|---|---|
| Ohun èlò fún ọmọ 60 | Ẹyọ kan | 10, ọmọ 6 sí ọ̀kan | Ohun tó wà nílé |
| Àkókò nínú kíláàsì | Ìṣẹ́jú 15 | Ìṣẹ́jú 80 | Ìṣẹ́jú 10 fún àlàyé, 15 fún àbájáde |
| Ewu | Ọwọ́ olùkọ́ ló wà | Gúrúùpù mẹ́wàá, ojú méjì | Kò gbọdọ̀ sí iná tàbí kẹ́míkà rárá |
| Bó ṣe ń bàjẹ́ | Ẹ̀yìn kíláàsì kò rí nǹkan kan | Ọmọ méjì ń ṣiṣẹ́, mẹ́rin ń wòran | Ẹnìkan ṣe é, mẹ́wàá dà á kọ |
| Ohun tó ṣeé máàkì | Àsọtẹ́lẹ̀, àkíyèsí, ìdí | Wíwọ̀n, lílo ohun èlò, kíkọ nọ́ńbà | Àkọsílẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ |

Ohun tó ń ba ìfihàn jẹ́ jù ni pé àwọn ọmọ ń wò ó bí ẹni wo sinimá. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ: kí ẹ tó ṣáná, kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ìdí kan. Ẹni tó ti kọ àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á. Ẹ gbé ohun èlò náà sórí àga tí a gbé lé tábìlì kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí i, kí ẹ sì pe ọmọ kan jáde láti máa ka nọ́ńbà sókè. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń kà á, nọ́ńbà inú ìwé lẹ ó kà, ẹ ò ní mọ̀.

Iṣẹ́ gúrúùpù nílò double period. Ẹ pín ìṣẹ́jú 80 náà báyìí: 10 fún àlàyé àti àsọtẹ́lẹ̀, 10 fún pípín ohun èlò, 30 fún iṣẹ́, 10 fún ìfọ̀mọ́, 20 fún ìjíròrò àbájáde. Ìfọ̀mọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun ló sì ń jẹ ìjíròrò. Kí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó ń wọ̀n, ẹni tó ń kọ, ẹni tó ń wo aago, ẹni tó ń lọ gba ohun èlò, ẹni tó máa jábọ̀, ẹni tó máa fọ nǹkan. Ẹ máa yí wọn ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnìkan náà ni yóò máa fọ ife láti JSS 1 títí dé JSS 3, a sì mọ irú ọmọ tí wọ́n máa ń fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ẹ̀rọ kì í wá, kí kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì ti kún láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Bí tímútébù kò bá fún yín ní double, ẹ gé iṣẹ́ náà sí méjì: ìtòlẹ́sẹẹsẹ lónìí, kíkà lọ́la. Àkòrí kan gbà á, òmíràn kò gbà á.

Àkòrí wo, ọ̀nà wo?

*Omi híhó: ìfihàn.* Omi gbígbóná níwájú gúrúùpù mẹ́wàá kò bójú mu. Ohun tó yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún ni nọ́ńbà tí tẹmómítà máa fi hàn. Ìwé ní 100°C, ṣùgbọ́n ìpele òkun ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Bí a bá gòkè ní nǹkan bí mítà 300, ìwọ̀n ooru tí omi fi ń hó máa ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n kan. Àbújá ga ju ìpele òkun lọ débi pé 98 tàbí 99 ni ẹ ó rí. Ní Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,200 lọ, ó lè jẹ́ 96. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á ní tẹmómítà ti bàjẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé á fa ìlà pupa sí ìwé ọmọ tó kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, á sì fún ẹni tó da 100 kọ láti inú ìwé ní máàkì. Ẹ kọ "98–99" sínú marking scheme yín kí ẹ tó wọ kíláàsì. Ẹ má sì fi tẹmómítà tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà sínú omi gbígbóná. 42°C ni òpin rẹ̀, ó máa fọ́.

*Ásíìdì àti alkali: gúrúùpù, pẹ̀lú zobo.* Kò sí àkòrí JSS tí owó rẹ̀ kéré tó báyìí ní Òkè Ọya, nítorí zobo gbígbẹ kún gbogbo ọjà. Ẹ se ẹ̀kúnwọ́ kan nínú omi ìdajì lítà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Kò gbọdọ̀ sí ṣúgà tàbí atalẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bu omi là á títí tí ẹ ó fi lè ka ìwé láti ẹ̀yìn ife. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: zobo tó ṣú bí èyí tí a ń mu kì í jẹ́ kí ojú rí ìyípadà àwọ̀.

Gúrúùpù kọ̀ọ̀kan nílò ife oníke mẹ́rin tí zobo 20 ml wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti sírínjì 5 ml tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Gúrúùpù mẹ́wàá á lo 800 ml, nítorí náà lítà kan tí a ti là tó. Sínú ife kìíní, omi lásán. Òun ni wọn ó máa fi àwọn yòókù wé, kò sì gbọdọ̀ sọnù. Sínú ìkejì, omi ọsàn wẹ́wẹ́: á di pupa fòò. Ìkẹta, omi káún, ìyẹn ìdajì ṣíbí kékeré nínú omi 100 ml: á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ìkẹrin, omi ọṣẹ ìfọṣọ: bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má hàn tó ti káún. Bí gúrúùpù kan bá sọ pé àwọ̀ tiwọn kò yí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fọ sírínjì láàárín ọsàn àti káún. Wọn kì í sábà fọ̀ ọ́. Àwọn tó bá da ọsàn pọ̀ mọ́ káún á rí i tó ń hó; ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ náà, torí pé afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń jáde, àkòrí ọ̀sẹ̀ mìíràn sì nìyẹn. Zobo tí a sè kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ méjì lọ láìsí fíríìjì.

*Ilẹ̀ àti omi: gúrúùpù, ẹ̀kọ́ méjì.* Ẹ gé ike omi 75 cl sí méjì, ẹ yí apá òkè dojú dé sínú apá ìsàlẹ̀, ẹ fi òwú dí ẹnu rẹ̀. Yanrìn 100 ml, amọ̀ 100 ml, ilẹ̀ dúdú ọgbà 100 ml, omi 100 ml lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, ìṣẹ́jú 10, ẹ wọn omi tó kán sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 100. Ohun mẹ́ta ló ń ba àbájáde jẹ́. Ilẹ̀ kan tutù ju èkejì lọ: ẹ sá gbogbo wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Amọ̀ oṣù kejì tàbí ìkẹta ti le bí òkúta: ẹ gún un. Òwú kan pọ̀ ju èkejì lọ, òwú náà sì ń mu omi: ẹ pín in dọ́gba. Ẹ̀kọ́ kìíní fún sísá àti gígún, ẹ̀kọ́ kejì, lẹ́yìn oòrùn ọjọ́ méjì náà, fún omi.

*Gbígbẹ omi: ilé.* Omi 50 ml nínú àwo pẹrẹsẹ kan àti 50 ml nínú ife tóóró kan, ní ibì kan náà, kí ọmọ máa fi rúlà wọn bó ṣe ń dín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ló yẹ ẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí ìkejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń là. Ẹni tó bá ṣe é ní oṣù keje lè dúró títí kí ó sú u. Eruku ọyẹ́ á bọ́ sínú omi náà o. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ideri dé e.

*Sítáàṣì nínú oúnjẹ: gúrúùpù.* Àáyódíìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì tó, ẹ̀kán kan sórí gàrí, búrẹ́dì, iṣu, ẹyin sísè. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ tutù. Àwọ̀ dúdú-búlúù náà máa ń parẹ́ nínú ooru, ọmọ tó bá dán an wò lórí iṣu tó ń rú èéfín á sì kọ ọ́ pé kò sí sítáàṣì nínú iṣu.

*Iná mànàmáná: gúrúùpù tó kéré jù tí ẹ bá lè ní.* Ìfihàn kò wúlò níbí rárá. Gílóòbù tó kọ̀ láti tàn lọ́wọ́ ọmọ ló ń kọ́ ọ. Bátìrì 1.5 V méjì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì 2.5 V, wáyà mẹ́ta tí a ti hó ẹnu wọn. Bí LED ni ẹ rí rà, ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń gba iná: bí a bá yí i padà, kò ní tàn, àwọn ọmọ á sì ní bátìrì ti kú. LED pupa nílò nǹkan bí 2 V, funfun nílò nǹkan bí 3 V, nítorí náà bátìrì ẹyọ kan kò tan èyíkéyìí nínú wọn. Iná NEPA kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

*Ẹyin nínú omi iyọ̀: ìfihàn,* nítorí owó ẹyin. Omi 200 ml, iyọ̀ ṣíbí ọbẹ̀ méjì tó kún. Ẹ kọ́kọ́ dán ẹyin náà wò nínú omi lásán kí ẹ tó wọ kíláàsì: ẹyin tó ti pẹ́ máa ń léfòó níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà á sì dàrú mọ́ yín lójú.

Ríra tàbí wíwá nítòsí

Tẹmómítà kò ṣeé fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Ẹ ra èyí tí ọtí pupa wà nínú rẹ̀, tó dé 110°C. Èyí tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ kò yẹ kíláàsì, torí pé májèlé ni mẹ́kúrì bó bá fọ́ sílẹ̀. Ife oníwọ̀n 100 ml kan, ẹ rà á. Ẹ ó fi í fàmì sára àwọn ìgò yòókù. Pipette, ẹ má rà á, sírínjì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bíkà, ife dígí inú lab, tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fara da iná. Agolo mílíìkì kì í fọ́.

Litmus, pépà tó ń yí àwọ̀ nínú ásíìdì àti alkali, àti zobo kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Litmus máa ń pẹ́ nínú ìgò tí a dé dáadáa, òun sì ni ìdánwò máa béèrè, nítorí náà gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ fojú rí i lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. A lè gé pépà kan sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju ásíìdì tàbí alkali lọ. Zobo ń fi hàn pé alkali kan lágbára ju òmíràn lọ, ó sì pọ̀ tó kí ọmọ lè ṣe àṣìṣe kó tún un ṣe. Bí owó bá tó ọ̀kan péré, zobo fún iṣẹ́ ọwọ́, litmus díẹ̀ fún ìfihàn.

Bí a ṣe máa máàkì: objective, theory, practical, project

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkókò, nítorí òun ló ń pinnu fún ọ̀pọ̀ wa. Ìwé objective oníbèéèrè 40, bí ẹ bá ti dá ihò sára páálí ìdáhùn, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ: ọmọ 60, wákàtí kan. Theory oníbèéèrè mẹ́ta lè gba ìṣẹ́jú mẹ́fà: ọmọ 60, wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó ní JSS 2 A títí dé D á jókòó ti theory fún wákàtí 24. Kò yani lẹ́nu pé objective ló gbòde.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè 40 tó ní ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tó kàn ń tọ́ka, á gba nǹkan bí 10. Nítorí náà, 10 nínú 40 kò fi hàn pé ọmọ mọ ìdá mẹ́rin iṣẹ́. Objective tó dára ni èyí tí ìdáhùn òdì rẹ̀ ti inú àṣìṣe tí àwọn ọmọ ń ṣe gan-an wá. Ẹ wo èyí (Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́ fún wọn): *Bọ́lá fi omi káún sínú zobo, ó di àwọ̀ ewé. Ó wá ń kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pọ̀. Kí ló máa rí?* A: kò ní yí mọ́, torí ó ti yí tẹ́lẹ̀. B: á padà di pupa. C: á túbọ̀ di àwọ̀ ewé. D: á di omi tí kò láwọ̀. Ẹni tó mú A rò pé àwọ̀ kì í padà. Ẹni tó mú C kò tíì mọ̀ pé ásíìdì àti alkali ń pa ara wọn. Ẹni tó mú D rò pé ohun tí a là gbọ́dọ̀ di omi lásán. Bí ọmọ 25 bá mú A, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa tún kọ́ lọ́la. "Litmus is a/an ____" kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Gbogbo wa ló há ìpele ìrònú mẹ́fà tí Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1956 sórí nígbà NCE, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò kò kúrò ní ìpele àkọ́kọ́, ìmọ̀, ìyẹn ìrántí lásán.

Theory wúlò fún "kí ló fà á?", kò sì yẹ ká fi í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan tó dáa sàn ju mẹ́ta lọ. Ẹ pín máàkì rẹ̀ ṣáájú: bí ó bá jẹ́ 5, kí ẹ mọ gbólóhùn wo ló gba kìíní, èwo ló gba ìkejì. Ẹ máàkì ìbéèrè kìíní nínú gbogbo ìwé kí ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Ẹni tó ń máàkì ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó dára bo èyí tí kò dára mọ́lẹ̀. Ní tiwa, ẹ má yọ máàkì nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ bí èrò bá tọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń yọ tirẹ̀.

Practical ni èyí tí wọ́n ń sá fún jù, ìdí rẹ̀ sì ni pé wọ́n fẹ́ wo ọmọ 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣeé ṣe. Gúrúùpù méjì ni kí ẹ máa wò nínú practical kọ̀ọ̀kan, ọmọ 12. Practical márùn-ún á kárí gbogbo kíláàsì, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà. Nítorí pé àkòrí tí gúrúùpù kan bá pàdé yàtọ̀ sí ti èkejì, ohun tó wà nínú gbogbo practical ni kí ẹ máa máàkì: ó ka ìwọ̀n omi ní ọ̀gangan ojú, kò tẹ̀ orí wò ó láti òkè, ó kọ ẹyọ ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ ohun tó rí, kódà bí kò bá bá ìwé mu, ó fọ ohun èlò. Máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìdajì. Ẹ má sọ gúrúùpù tí ẹ máa wò fún wọn ṣáájú.

Project rọrùn láti fúnni, ó sì rọrùn kí bàbá àti káfíńtà ṣe é. Bí ẹ bá máa fún wọn, nínú máàkì 10, kí 6 jẹ́ ti ìwé àkọsílẹ̀ tó ní déètì lójoojúmọ́, 2 ti àlàyé lẹ́nu, 2 péré ti ohun tí wọ́n gbé wá. Àkọsílẹ̀ tí a kọ tán lálẹ́ ọjọ́ kan máa ń hàn: bíró kan náà, ìkọ̀wé kan náà, kò sí ibi tí a pa rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lo CA (máàkì tí a ń kó jọ láàárín sáà) 40 àti ìdánwò 60, àwọn mìíràn 30 àti 70. Fún CA 40, ìpín tí a ó dámọ̀ràn ni objective 10, theory 10, practical 15, project 5. Fún CA 30, ẹ fi project sílẹ̀ kí ẹ sì dín practical kù sí 10. Ẹ má fọwọ́ kan theory.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù

Èdè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere. Ní Àbújá, ọmọ Gbagyi, Haúsá, Tiv, Igbo àti Yorùbá lè wà nínú gúrúùpù kan ṣoṣo, nítorí náà a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n fi èdè tó bá wù wọ́n jíròrò nígbà iṣẹ́, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àbájáde. Kí olùkọ́ Yorùbá má kàn máa yíjú sí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan. Àwọn yòókù máa ń rí i.

JSS 3. NECO ló ń ṣe BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS 3, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe tiwọn. Níbikíbi tí ọmọ bá wà, past questions á gba sáà tó gbẹ̀yìn, kò sí bí a ṣe lè sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi past question kan bẹ̀rẹ̀ practical: ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, kí wọ́n mú ìdáhùn wọn, kí ẹ wá fi zobo, ike omi tàbí bátìrì dán an wò níwájú wọn. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú 15, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ sì tó. Ẹ yan èyí tí ìdajì kíláàsì ṣì.